Èédú Ẹkùrọ́ àti Ìkòkò Tí Ìdí Rẹ̀ Lu

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé omi kò lọ́tàá, ẹ ní kó wá bi mí. Omi kan ti bá mi ṣọ̀tá rí. Inú kànga ẹ̀yìnkùlé wa ló wà, kànga tí ọkọ mi fẹnu ara rẹ̀ yan ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sanwó fún àwọn tó gbẹ́ ẹ. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ló máa ń rùn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ẹ̀fọ́. Bí ẹ bá fi bọ́jú, ẹ ó tún wá omi mìíràn fi bọ́ ọ.

Ayédé ni a wà nígbà náà, ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira. Ọkọ mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Agboolé bàbá rẹ̀ láàárín ìlú la ń gbé nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé ọkọ, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í bàjẹ́ sí àárín agboolé, ojú títì ló máa ń bàjẹ́ sí. Ìdí nìyẹn tó fi lọ kọ́ ilé oníyàrá méjì sí etí títì tó lọ sí Òyè. Ó fi páànù bò ó, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ igi ọdán tó wà níwájú ilé, a sì kó lọ síbẹ̀.

Ọmọ Ìrèlé ni mí, mi ò sì ní purọ́ fún yín: inú mi dùn lọ́jọ́ tí a kó lọ ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ. Nínú agboolé, yàrá kan ni èmi àti ọkọ mi ń bá ìyá rẹ̀ gbé. Kọ́tìnnì ló wà láàárín wa. Kọ́tìnnì! Bí mo bá yí ara padà lórí ẹní, ìyá ọkọ mi á ti òdìkejì béèrè pé, "Ìyàwó, kí ló ń ṣe ọ́?" Bí mo bá gbé ọbẹ̀ kaná, wọ́n á ṣí i wò kí èmi tó ṣí i. Wọ́n á fi ìka kan tọ́ ọ lá, wọ́n á mirí, wọ́n á sì dé e padà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè fara da irú ìyẹn?

Opó ni wọ́n. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń ṣe tà, ẹkùrọ́ ni wọ́n sì máa ń pa tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Àwọn ọmọ wọn yòókù ti lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, ọkọ mi nìkan ló kù nítòsí. Lọ́jọ́ tí à ń kó lọ, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pa ẹkùrọ́ lórí òkúta, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè wò wá. Ohun tí wọ́n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Wọ́n ní, "Ulé rèé o, kò lọ sí ibì kankan." Mo dá wọn lóhùn pé ó dáa, mo sì yára gbé ẹrù mi kí ọkọ mi má baà yí ọkàn padà.

Ká wá sọ ti kànga. Gbogbo ayé ló kìlọ̀ fún ọkọ mi pé kó má gbẹ́ ẹ síbi tó gbẹ́ ẹ sí. Àkùrọ̀ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn olóko kòkó ti ń da èèpo kòkó nù sí láti ayébáyé. Mo sọ ọ́. Aládùúgbò sọ ọ́. Àwọn agbẹ́kànga pàápàá, tó jẹ́ pé owó ni wọ́n bá wá, sọ ọ́. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọkọ mi ní kí a fi òun sílẹ̀, pé omi kò jìn níbẹ̀. Lóòótọ́, kò jìn. Òórùn rẹ̀ náà kò jìn.

Mo ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà fún àwọn tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi omi kànga yẹn ro ẹ̀kọ, oníbàárà kan gbé e dẹ́nu, ó tún gbé e kúrò lẹ́nu, ó sì wò mí bí ẹni tí mo bú ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ pọnmi ní odò. Níbo sì ni odò náà wà? Ẹ̀yìn agboolé ọkọ mi, ní òdìkejì ìlú! Mo ń ru omi kọjá níwájú ìyá ọkọ mi ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá. Wọ́n á ní, "Ìyàwó, kànga yín ńkọ́?" Mo máa ní, "Ó wà níbẹ̀, Yèyé." Wọ́n á ní, "Hẹn." Hẹn yẹn máa ń wúwo fún mi ju omi tó wà lórí mi lọ.

Àfi bí wolé-wolé ṣe tún wá dá kún un. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá àwọn wolé-wolé ayé ìgbà yẹn láyé kò lè mọ ohun tí ojú wa rí. Ọkùnrin á wọ ṣòkòtò kákí péńpé, á fa ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, á yọjú sínú àmù yín, á yọjú sí ẹ̀yìnkùlé yín, á sì máa pàṣẹ fún yín nínú ilé ara yín. Ọkọ mi ló ń bá tiwa tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe, mo sì rò pé ìyẹn á jẹ́ kó mójú kúrò lára wa. Rárá o! Ó fa omi sókè, ó gbé e símú, ó yára gbé e kúrò. Ó ní tí òun bá padà dé lẹ́yìn ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé èyí tó wà nílẹ̀, tí omi náà bá ṣì ń rùn, yẹ̀pẹ̀ ni wọn yóò kó dí i.

Ọkọ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa."

Ó ní, "Àánú yín ni mò ń ṣe yẹn."

Nígbà tó lọ tán, ọkọ mi jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Tí wọ́n bá dí i, a ó kó padà sí agboolé nìyẹn. Ilé tí kò lómi kì í ṣe ilé. Mo lè máa wá ṣiṣẹ́ níbí lójúmọmọ." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ní kí n gbé iyọ̀ wá.

Mo ní, "Ẹ ní ká padà síbo?"

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ Màmá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Bí kànga yẹn bá kú, èmi náà ti padà sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ọbẹ̀ mi ti padà sábẹ́ ìka ìyá ọkọ mi. Mo búra lọ́jọ́ yẹn pé omi yẹn máa mọ́, kódà bó jẹ́ ẹnu mi ni màá fi fa òórùn rẹ̀ jáde.

Kí wolé-wolé tó gun kẹ̀kẹ́ lọ, ó ti sọ ohun tí a lè ṣe. Ó ní kí a to ìkòkò mẹ́ta lé ara wọn, kí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí méjì tó wà lókè. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ká kó sínú ti òkè, ká kó èédú sínú ti àárín, kí omi tó mọ́ máa kán sínú ti ìsàlẹ̀. Ó ní èédú máa ń gba òórùn sára. Mo lọ ra ìkòkò. Ọkọ mi, tó ń lu irin láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, kò mọ amọ̀ lù. Ó fọ́ ọ̀kan. Ó fọ́ èkejì. Nígbà tí ó fi máa rí méjì lù láìfọ́, ojú mi ti ń ṣú, ó sì tún ń bi mí pé ṣé mi ò rí i pé ìkòkò náà ni kò dára.

Èédú inú ààrò mi ni mo kọ́kọ́ kó sí i. Ẹ gbà mí! Omi tó wọlé ní àwọ̀ ẹ̀fọ́ jáde ní àwọ̀ tàdáwà. Èédú igi ti rún sínú rẹ̀ wómúwómú, òórùn ẹyin náà sì wà níbẹ̀ pérépéré. Mo tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé olórí kunkun ni mí, ó tún ṣe ohun kan náà. Mo da gbogbo rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi ti abẹ́ igi ọdán pariwo pé kí n lọ bèèrè èédú èèpo ẹkùrọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, pé ìyẹn le, kì í rún. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ní Ayédé wa nígbà náà, obìnrin tó bá pa ẹkùrọ́ tán, èèpo rẹ̀ ti di ti alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀yìn àgbẹ̀dẹ ni wọ́n ń gbé e lọ dà sí, nítorí òun ló fi ń dáná tó fi ń rọ irin. Òun náà á sì bá wọn pọ́n ọ̀bẹ, á bá wọn tún ọkọ́ ṣe, kò sí pé ẹnì kan ń bèèrè nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, ó ní ṣé mo fẹ́ di alágbẹ̀dẹ ni. Mo ní omi ni mo fẹ́ fi èédú sẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí iná rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kú. Ó ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, mo ṣàlàyé: ìkòkò onídìí lílu, èédú láàárín, wolé-wolé tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kò ní èyí tó ti jóná, pé tútù ló wà nílẹ̀, àti pé apẹ̀rẹ̀ kan péré lòun lè fún mi, nítorí ìyá ọkọ mi ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù wá, òun sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ìyàwó wọn ti wá bù nínú rẹ̀. Mo ní kó sọ. Kí ló kàn mí?

Mo délé, mo da ààbọ̀ apẹ̀rẹ̀ náà sínú iná, mo lọ bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo padà dé, eérú funfun ló kù. Ẹ wo wàhálà! Mo jókòó sílẹ̀, mo bú ara mi, mo bú ọkọ mi, mo bú ewúrẹ́ aládùúgbò tó ń kọjá lọ. Ààbọ̀ tó kù, mo kó o sínú ògbólógbòó ìkòkò, mo dé e, mo fi amọ̀ lẹ ẹnu rẹ̀ pa kí atẹ́gùn má baà wọ̀ ọ́, mo wá to igi yí i ká. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ni mo fi dáná sí i. Nígbà tí mo ṣí i, èédú ló wà níbẹ̀, dúdú, ó ń dán, bí mo bá jù ú sílẹ̀ ó ń dún. Mo gún un wẹ́wẹ́, mo kó o sínú ìkòkò àárín, mo da omi sókè.

Omi tó jáde mọ́ lójú. Mo ti ń jó kí n tó gbé e símú. Ó ṣì ń rùn! Kò rùn tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rùn. Ó dà bí ẹni tó wẹ̀ tí kò lo ọṣẹ. Ọjọ́ ọjà tí wolé-wolé sọ sì ti ku ọ̀túnla. Mo ronú títí, mi ò rí ohun tí mo lè ṣe sí i mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ìkòkò omi mi rorí, mo gba odò lọ bí ìṣe mi.

Ohun kan yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn: ìyá ọkọ mi kò sí lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìgbà tí mo padà délé ni mo rí ìdí rẹ̀. Àwọn ni mo bá ní ẹ̀yìnkùlé mi. Láti ọjọ́ tí a ti kó débẹ̀, wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé náà rí. Wọ́n jókòó ti àwọn ìkòkò mi, wọ́n ti ká apá aṣọ sókè, igbá eérú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kèrègbè sì dùbúlẹ̀ lófìfo. Wọ́n ti gbé ìkòkò yanrìn mi sọ̀ kalẹ̀. Inú ìkòkò èédú ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, eérú kún orí rẹ̀ dé ẹnu.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, mo rí ukòkò tí ìdí rẹ̀ lu, mo ní háà, ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ uṣẹ́ ọṣẹ! Ṣùgbọ́n eérú rẹ kò jóná tán, ó ṣì dúdú. Mo bá bu tèmi kún un, mo sì da omi eérú sí i kó lè lágbára."

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú ò ní bá wọn jiyàn. Irú ìkòkò kan náà ni. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ á jó èèpo kòkó di eérú, wọ́n á kó o sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọ́n á máa da omi sí i lórí, omi eérú tó korò tó ń bó ọwọ́ á sì máa kán sísàlẹ̀. Òun ni wọ́n ń fi se ọṣẹ. Ẹni tó bá wo ìkòkò mi lóòró lè ṣì í mú. Kí wá ni kí n sọ? Ṣé kí n bú ìyá ọkọ? Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ o! Mo ní, "Ẹ ṣeun, Yèyé." Wọ́n ní kò tọ́pẹ́, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n gbé igbá wọn, wọ́n lọ.

Nígbà tí wọ́n ti jìnnà dáadáa ni mo tó ké. Ọkọ mi sáré wá láti iwájú ilé, ó rò pé ejò ni. Mo fi ìkòkò hàn án. Ó wò ó, ó fọwọ́ họrí. Ó ní, "Màmá kò mọ̀. Àgbà ni wọ́n." Mo ní, "Àgbà! Àgbà tó ń ṣí ìkòkò oníkòkò! Orí burúkú ni mo gbé wá sáyé, orí burúkú ò sì gbọ́ ọṣẹ, ẹ wò ó, a ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ báyìí, kò gbọ́!" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ojú tí mo fi wò ó ló jẹ́ kó padà sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ lọ pé kó ṣàánú mi fún mi ní apẹ̀rẹ̀ kan sí i. Ó fi ẹ̀yìn àgbẹ̀dẹ rẹ̀ hàn mí, ó ti fẹ́ẹ̀ mọ́ féfé. Ó ní ìyá ọkọ mi kò gbé èèpo wá mọ́ láti ọjọ́ tí òun ti sọ fún wọn pé mo wá bù nínú rẹ̀, pé òun kò mọ ohun tó ṣe wọ́n. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ìbínú ni mo gbé délé.

Kò sí èédú mìíràn. Èyí tó yọ̀ yẹn nìkan ni mo ní. Mo ronú pé tí mo bá tún fi iná jó o, bóyá iná á lé ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lára lọ. Kì í ṣe ọgbọ́n o, ibi tí kò sí ọ̀nà ni mo dé. Mo sá a sí oòrùn lórí páànù, mo kó o padà sínú ògbólógbòó ìkòkò, mo fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́, mo dáná tó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i, nítorí inú ń bí mi, gbogbo igi tó wà nílé ni mo fi sí i. Lẹ́yìn tó tutù, mo fi omi odò ṣan án. Ó ń yọ̀. Mo tún ṣan án. Ó ṣì ń yọ̀. Omi tí mo ti fi orí rù kọjá níwájú ìyá ọkọ mi ni mo ń dà nù yẹn, mo sì ń ka ìyẹn náà sí wọn lọ́rùn. Nígbà tí kò yọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́, mo dá a padà sáàyè rẹ̀, mo tún yanrìn mi tò, mo bu omi kànga, mo dà á sókè.

Ó kán díẹ̀díẹ̀. Mo fi igbá gbè é. Mo gbé e símú, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé ẹkún ti dí imú mi ni. Mo pe ọkọ mi. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó mu ún, ó tún bù, ó mu ún tán. Ó ní, "Omi ni." Mo gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, mo mu tèmi. Omi ni lóòótọ́, kò dùn, kò korò, kò rùn. Ọdún gorí ọdún lẹ́yìn náà kí olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ìkọ̀lé, tó wá tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní omi eérú àti iná ẹlẹ́ẹ̀kejì ló la ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí sára èédú náà, pé inú àwọn ihò yẹn ni òórùn àti àwọ̀ ń há sí. Nígbà tiwa, a ò mọ̀ jù pé ó ṣiṣẹ́ lọ.

Wolé-wolé dé lọ́jọ́ tó dá. Ó wo omi náà, ó ní omi odò la gbé fún òun. Mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ó fa omi láti inú kànga, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yọ ahọ́n bí ewúrẹ́ tó jẹ ewúro, ó dà á sínú ìkòkò òkè, ó sì fìdí kalẹ̀ tì í. Nígbà tó mu èyí tó jáde nísàlẹ̀, ó bọ́ fìlà. Ó ní a lè máa lo kànga wa, ìkòkò náà ni kí a má ṣe gbé kúrò. Ó wá bèèrè pé ta ló kọ́ wa. Mo ti la ẹnu. Èmi tí mo dáná, tí mo fọ̀, tí mo sunkún! Ọkọ mi ti dáhùn: "Màmá mi ni. Àwọn ló da omi eérú sí i."

Ẹ ò rí ayé bí?

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó ti kárí ìlú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń dín àkàrà, mo gbójú sókè, mo rí ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń bọ̀ lójú títì. Ẹní wà lábíyá wọn. Àwọn ọmọ agboolé méjì tẹ̀ lé wọn, ọ̀kan ru àpótí, èkejì ru ìkòkò ọṣẹ. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé omi wa ti dára. Wọ́n ní odò ti jìnnà sí ẹsẹ̀ àwọn báyìí. Odò! Odò tó wà lẹ́yìn ilé wọn gan-an, tí èmi ń ti etí títì rìn dé! Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi ti ń ṣí yàrá kejì.

Bẹ́ẹ̀ ni mo jà fún ilé títí mo fi rí i gbà, tí ohun tí mo ń sá fún sì bá mi wọ inú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń tu ara mi nínú: ilẹ̀kùn ló wà láàárín wa báyìí, kì í ṣe kọ́tìnnì. Ìka wọn ṣì ń wọ inú ọbẹ̀ mi.

Kí ó wá lè dùn dáadáa, èédú náà kì í pẹ́ títí. Tó bá ti ṣe oṣù mélòó kan, òórùn á padà. Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo jó èédú tuntun láìsí omi eérú, nítorí mi ò fẹ́ tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé omi eérú gan-an ni oògùn rẹ̀. Omi eérú wà lọ́wọ́ ta ni? Mo tún kúnlẹ̀. Wọ́n á ní kí n dúró. Wọ́n á ní eérú kò tíì kúnná. Wọ́n á fi ìka tọ́ omi eérú náà wò, wọ́n á mirí. Báyìí la ṣe ń ṣe é títí òmìnira fi dé, tí ó sì kọjá, èmi ń jó èédú, àwọn ń sẹ́ omi eérú, à ń bá ara wa jà lórí ìwọ̀n rẹ̀.

Okìkí wọn kàn. Àwọn obìnrin wá láti Ìtàjì àti Òyè wá wo ìkòkò náà, ìyá ọkọ mi ni wọ́n sì ń bèèrè. Nígbà tó ṣe, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì pè wọ́n pé kí wọ́n wá kọ́ àwọn. Wọ́n we gèlè, wọ́n dúró níwájú gbogbo ìjọ obìnrin, wọ́n ní ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún àwọn ni. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹlẹ̀ tútù." Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo ru ìkòkò náà wá. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mo ń pòṣé lábẹ́lẹ̀.

A délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èédú tuntun wà nílẹ̀ tí a fẹ́ rẹ, mo sì gbé odó síta láti gún un. Wọ́n ń tú gèlè. Mo ní, "Yèyé, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìkòkò ọṣẹ ni, ẹ wá di olùkọ́ gbogbo Èkìtì."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ta ló rò pé ukòkò ọṣẹ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní, "Mo ti ń ṣe ọṣẹ kí wọ́n tó bí yèyé rẹ. Ṣé mi ò ní mọ ukòkò ọṣẹ? Alágbẹ̀dẹ ti ro gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo mọ̀ pé èédú ni. Mo da omi eérú sí i kó lè bàjẹ́ ni."

Ọmọ odó dúró lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Kó lè kí ni?"

"Kó lè bàjẹ́. Kí wọ́n lè dí kànga yín, kí ẹ lè bọ̀ n'ulé."

Háà! Gbogbo ìbínú àtọdúnmọ́dún yẹn ló dìde wọ orí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Èèpo tí wọn ò gbé lọ fún alágbẹ̀dẹ mọ́. Kèrègbè tí wọ́n gbé láti àárín ìlú. Ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀! Mo pariwo mọ́ wọn, èmi tí n kì í pariwo mọ́ wọn. Mo ní, "Yèyé, kí ni mo ṣe fún yín? Kí ló burú nínú kí n ní ilé tèmi?"

Wọn ò bínú. Wọ́n ká gèlè wọn sórí itan, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Wọ́n ní, "Ọmọ márùn-ún ni mo bí. Nígbà tí ẹ lọ tán, bí mo bá wúkọ́ nínú yàrá yẹn, kò sí ẹni tó máa bi mí pé kí ló ń ṣe mí."

Mo gbé ọmọ odó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún èédú kíkankíkan, inú ṣì ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tó ń bí mi sí. Eruku rẹ̀ sọ sókè, ó bo èmi àtàwọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n wú u títí, wọ́n fi gèlè bo ẹnu.

Mo ju ọmọ odó sílẹ̀. Mo fi ìbínú náà ké sí wọn pé, "Yèyé, kí ló ń ṣe yín?"

Wọ́n gbójú sókè wò mí pẹ̀lú ojú tó dúdú fún èédú.

Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan. Èédú ni. Gún un kó kúnná."